Ìròyìn Àyẹ̀wò Tí Mo Kọ Láì Dé Ìrẹsà

Òní ni ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà, ọdún 2025. Òjò rọ̀ ní Ọ̀yọ́ láti ìdájí títí di nǹkan bí agogo mẹ́jọ àárọ̀. Nígbà tí mo fi wọ ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, òjò ti dá, ṣùgbọ́n oòrùn kò yọ, ojú ọ̀run sì rí bí eérú. Mo ti kọ́kọ́ kọ ọ́ pé agogo mẹ́jọ gan-an ni òjò dá. Mo pa á rẹ́, nítorí n kò wo aago. Èmi Josiah, tí mo ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Akẹ̀sán, ni mo kọ ìwé yìí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fi agbára mú mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí yóò pé ọdún mẹ́ta ní oṣù kẹsàn-án tí ń bọ̀. Mo ti fi iṣẹ́ bò ó, mo ti fi ẹ̀rín bò ó, mo ti fi àdúrà pàápàá bò ó. Lónìí ni mo fẹ́ ṣí i sílẹ̀ níwájú ẹ̀yin tí ó kàn. Ẹ má ṣe retí omijé lójú mi. Kì í ṣe pé mo le. Ó pẹ́ tí ibi tí omijé ti ń wá nínú mi ti gbẹ, n kò sì mọ ọjọ́ tí ó gbẹ gan-an.

Ẹni mẹ́rin ni a jẹ́. Fèyíkẹ́mi, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ni ó ro géèmù náà, òun ni ó sì ya gbogbo àwòrán inú rẹ̀. Bàbá rẹ̀, Bàbá Gabriel, ṣe tísà ní Ìrẹsà fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n kí ojú wọn tó fọ́. Àwọn ni wọ́n fún géèmù náà ní ohùn. Mashood ni ó ń kọ ọ́, èyí ni pé òun ni ó ń fi èdè kọ̀ǹpútà sọ ohun tí géèmù náà yóò máa ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni nígbà náà. Sábó ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ wá láti òkè Ọya, ó ń ta àlùbọ́sà, màmá rẹ̀, Ràmọ́tà, sì jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pọ́ńbélé. Èmi ni ẹnì kẹrin. Èmi ni mo dàgbà jù lẹ́yìn Bàbá, gbogbo wọn sì gbà pé mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. N kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn rí. N kò sì sọ fún wọn rí pé kíláàsì karùn-ún ni mo ti fi ilé-ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀, àti pé bí ìwé Gẹ̀ẹ́sì bá ti gùn ju ojú ìwé kan lọ, ó ń dàrú mọ́ mi lójú. Igba Ebè ni a pe géèmù náà. Ọmọ tí ó bá ń gbá a yóò mú ọkọ́, yóò máa kọ ebè lọ nínú oko, yóò sì máa ka àwọn ebè náà ní Yorùbá láti ení títí dé igba. Bí ó bá ṣì í kà, ebè yóò wó. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Bàbá Gabriel fi jókòó ní pálọ̀ wọn, tí wọ́n ń ka òǹkà sínú fóònù Mashood. Mo rántí ọjọ́ tí wọ́n dúró lójijì tí wọ́n ní, “Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, bí wọ́n bá ní kí ẹ pe ẹ̀tàdínláàádọ́ta, fọ́tì-sẹ́fìn lẹ ó máa wí. Mashood, ìwọ pè é kí n gbọ́.” Mashood pè é láìkọsẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ alálùbọ́sà ló wá gbọ́ Yorùbá ju ọmọ tísà lọ! Fèyíkẹ́mi, ojú ò tì ọ́?” Fèyíkẹ́mi ní, “Bàbá, àwòrán ni tèmi o, ẹ jẹ́ n sinmi.” Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni Bàbá sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ni, kí àwọn lè jókòó ní kíláàsì àwọn àtijọ́ ní Ìrẹsà kí àwọn gbọ́ kí àwọn ọmọ máa ka òǹkà tẹ̀lé ohùn àwọn.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ní láti yan ẹ́ńjìnì. Kì í ṣe ti ọkọ̀ ni mo ń wí. Irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ géèmù ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Òun ni ìpìlẹ̀ tí gbogbo ìyókù yóò dúró lé, bí a bá sì ti kọ́lé lé e tán, a kò lè yọ ọ́ láìwó ilé náà. Méjì ni ó wà níwájú wa. N kò ní í dárúkọ àwọn tí ó ṣe wọ́n, nítorí ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í ṣe tiwọn. Èkíní fúyẹ́, ọ̀fẹ́ ni, a sì lè pín géèmù tí a bá fi kọ káàkiri láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n àwòrán inú rẹ̀ kò dán, ìwé Gẹ̀ẹ́sì jàn-àn-ràn jan-an-ran sì ni àlàyé rẹ̀. Èkejì wúwo, àwòrán inú rẹ̀ ń dán bí omi, fídíò ni wọ́n sì fi ń kọ́ ènìyàn ní ìlò rẹ̀. Kọ̀ǹpútà mọ́kànlá ni ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìrẹsà, gbogbo wọn ti gbó, kò sì sí íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Inú fíláàṣì ni a ó ti gbé géèmù dé ọ̀dọ̀ wọn. Nítorí náà Mashood kọ géèmù kékeré kan náà lọ́nà méjì, ó fi ẹ́ńjìnì kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀kan: ọkùnrin kan tí ó ń kọ ebè mẹ́wàá, tòun ti ohùn Bàbá láti ení dé ẹ̀wá. Ó kó méjèèjì sínú fíláàṣì fún mi. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ kò ju pé kí n dé Ìrẹsà, kí n ṣí méjèèjì lórí àwọn kọ̀ǹpútà náà, kí n sì kọ ohun tí ojú mi bá rí. Mo gbéra. Mo dé gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, mo ra àgbàdo sísè, mo jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí ro ó pé bí kọ̀ǹpútà bá kọ Gẹ̀ẹ́sì gígùn síwájú mi níbẹ̀ ńkọ́, tí tísà kan sì bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ló ń wí?”, kí ni n ó dáhùn? Mo jẹ àgbàdo náà tán, mo sì wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀yọ́. Bí ó ṣe rí nìyẹn. Kò sí èṣù kankan níbẹ̀ tí mo lè di ẹ̀bi náà rù.

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo ṣí géèmù kékeré méjèèjì lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun tí oníbàárà kan gbé wá fún àtúnṣe. Méjèèjì ṣiṣẹ́. Èkejì dán jù, mo sì mọ̀ pé mo lè wo fídíò rẹ̀ kí ó yé mi láìka ìwé. Mo bá jókòó, mo kọ ìròyìn àyẹ̀wò. Mo kọ ọ́ pé mo dé Ìrẹsà ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022. Mo kọ ọ́ pé kọ̀ǹpútà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni ó gbé ẹ́ńjìnì kejì láìkọsẹ̀, àti pé ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún ni géèmù fi ṣí. Méjìdínlógún! Èmi tí n kò jẹ́ kọ àkókò tí òjò dá sílẹ̀ bí n kò bá wo aago. Mo tẹ ẹyọ ìwé kan ṣoṣo jáde, mo sì fi lé Mashood lọ́wọ́ lójú Fèyíkẹ́mi. Mashood kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Josiah, ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ó kàn yà mí lẹ́nu pé wọ́n gbé èyí tó wúwo yìí ni. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀kadà sáré débẹ̀ lọ́la, kí n tún un ṣí lẹ́ẹ̀kan péré.” Mo ní, “Kí o tún kí ni ṣí? Ṣé ojú mi ni kò ríran, àbí ẹnu mi ni o kò gbà gbọ́?” Fèyíkẹ́mi dá sí i kíákíá: “Mashood, fi sílẹ̀ jàre. Ẹ̀gbọ́n ti wò ó.” Mashood dọ̀bálẹ̀ lórí símẹ́ńtì. “Ẹ má bínú, sà. Mi ò ní i lọ́kàn láti rí yín fín.” Mo ní kí ó dìde. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbà bá ti yẹ nǹkan wò, àyẹ̀wò ti parí. Ẹni tí ó bá tún un yẹ̀ wò, àgbà náà gan-an ni ó ń yẹ̀ wò. Mo mọ èyí dáadáa, mo sì fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Ó lé ní oṣù mẹ́tàdínlógún tí wọ́n fi kọ Igba Ebè lórí ọ̀rọ̀ mi, kò sì sí ẹni tí ó tún dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò mọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹta, ọdún 2024 ni a gbé e lọ sí Ìrẹsà. Oṣù ààwẹ̀ ni, Mashood kò sì tíì fi omi kan ẹnu láti ìdájí. Bàbá Gabriel jókòó ní iwájú kíláàsì pẹ̀lú ọ̀pá wọn. Ọ̀gbẹ́ni Elijah, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, ni ó gbà wá lálejò. Oṣù kìíní ọdún náà ni wọ́n gbé e wá síbẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi kò tẹ ibẹ̀ rí. Mashood ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ìlà Gẹ̀ẹ́sì méjì yọ, ojú kọ̀ǹpútà sì ṣú. Ó lọ sí èkejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ó lọ sí ẹ̀kẹta. Ọmọ kan lẹ́yìn ní, “Ilẹ̀ ti ṣú lóko o!” Òmíràn ní, “Àgbẹ̀ náà ti sùn lọ.” Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Bàbá Gabriel gbé orí sókè. “Ṣé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ni? Mi ò gbọ́ ohùn mi.” Fèyíkẹ́mi ní, “Ẹ ṣe sùúrù, Bàbá.” Wọ́n tún bèèrè. Ó tún ní kí wọ́n ṣe sùúrù. Nígbà tí Mashood dé orí ìkọkànlá, òógùn ti bo aṣọ rẹ̀ látẹ̀yìn. Ọ̀gbẹ́ni Elijah rọra bèèrè pé, “Ta ló yẹ ẹ́ wò kí ẹ tó gbé e wá?” Mo dìde. Mo ní, “Èmi ni, sà. Nígbà tí mo wò ó, ó ṣiṣẹ́. Mashood ló fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi.” Ẹ wò ó: lóòótọ́ ni mo wò ó, lóòótọ́ ni ó ṣiṣẹ́ níbi tí mo ti wò ó, lóòótọ́ ni Mashood fọwọ́ kàn án lẹ́yìn mi. Mo fi òótọ́ mẹ́ta pa irọ́ kan. Ọkùnrin kan nínú àwọn òbí ní, “Ṣé ọmọ Sábó yìí lẹ gbé irú iṣẹ́ báyìí lé lọ́wọ́?” Èmi tí mo mọ òótọ́ kò gbèjà rẹ̀. Mashood wò mí, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá,” kò sì fi ohunkóhun kún un, nítorí kò jẹ́ já àgbà nírọ́ ní gbangba. Nígbà tí Fèyíkẹ́mi ń fa Bàbá jáde lọ́wọ́, wọ́n bi í pé, “Ṣé ó ti parí ni?”

Èyí tí mo ti sọ kọ́ ni ó burú jù. Ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé e, lẹ́yìn ìsìn, Fèyíkẹ́mi pè mí lórí fóònù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé àyẹ̀wò yẹn ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ mọ ibi tó ti bàjẹ́ gan-an.” Ìwé náà ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi. Mo ṣí i, mo sì fi gbólóhùn kan há àárín rẹ̀: “Ẹni tí ó bá ń kọ géèmù náà kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó wúwo kún un, bí ó bá fi kún un, àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí kò ní gbé e mọ́.” Mo fi ọjọ́ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Mo fi ránṣẹ́. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo jẹun ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ gba Mashood sí iṣẹ́ olùkọ́, lẹ́tà ẹ̀rí tí Fèyíkẹ́mi kọ fún un ni wọ́n sì fi fẹ́ gbà á. Lọ́jọ́ kejì, Fèyíkẹ́mi fi ìwé tí mo fi ránṣẹ́ han Mashood, ó sì lọ gba lẹ́tà rẹ̀ padà. Mashood pè mí. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìwé àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ mi o.” Mo ní, “Mo mọ̀.” “Gbólóhùn yẹn ò sí níbẹ̀, sà.” “Mo mọ̀.” Ó ní, “Tí mo bá gbé e fún Àǹtí Fèyíkẹ́mi, wọn á ní èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Ta ló máa gba ọmọ Sábó gbọ́ lórí yín? Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, sà. Mo ń dúró dè yín.” Mo ní mo gbọ́. Mo pa fóònù, mo sì ń bá iṣẹ́ tí ó wà níwájú mi lọ. Ó dúró dè mí títí di ẹ̀yìn Iléyá. Lẹ́yìn náà ó kúrò ní ìlú. Mo gbọ́ pé Mínà ni ó wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, pé kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. N kò lè búra sí èyí. Bàbá Gabriel kú ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Kí wọ́n tó kú, wọ́n bi mí ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn pé, “Josiah, ọmọ alálùbọ́sà yẹn, kí ni mo fi ṣe é?” Mo ní, “Bàbá, ẹ má rò ó mọ́.”

N kì bá tí jẹ́wọ́ títí n ó fi kú. Ohun tí ó yí mi padà kò tóbi. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Dárasími wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ géèmù ní Ọ̀yọ́. Ó mú ìròyìn àyẹ̀wò mi lọ́wọ́. Ó ní ọwọ́ Fèyíkẹ́mi ni òun ti gba ẹ̀dà rẹ̀. Ó ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá méjìdínlógún yẹn. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ ńlá,” ni ó wí. “Ìwé yín yìí la fẹ́ fi yan ẹ́ńjìnì tiwa. Ilé-ìwé mẹ́fà la máa gbé e lọ. A ò ní wulẹ̀ lọ yẹ kọ̀ǹpútà wọn wò mọ́, ẹ ṣáà ti bá wa ṣe é.” Mo wo ìlà pupa náà. N kò lè sọ pé ọkàn mi bàjẹ́, nítorí n kò fẹ́ purọ́ nínú ìwé yìí. Mo kàn ní kí ó má tíì bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo mú fíláàṣì tí Mashood fún mi lọ́jọ́sí, mo dé gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́, n kò sì jókòó. Mo dé Ìrẹsà. Méjì nínú àwọn kọ̀ǹpútà mọ́kànlá náà ti kú pátápátá. Mẹ́sàn-án tí ó kù kò gbé ẹ́ńjìnì tí mo yàn. Mo wá ṣí èyí tí ó fúyẹ́, mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án sì gbé e. Ọkùnrin kékeré náà yọ, ó mú ọkọ́, ó ń kọ ebè, ohùn sì ń kà á fún un: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọ̀gbẹ́ni Elijah dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, “Ohùn ta nìyẹn?” Mo ní, “Ohùn Bàbá Gabriel ni, sà.” Ó yọ fìlà rẹ̀. Ó jẹ́ kí ó kà á dé ẹ̀wá.

Nítorí náà mo sọ ọ́ báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa túmọ̀ rẹ̀ sí ohun mìíràn: Mashood kò ba géèmù náà jẹ́. Mashood fẹ́ lọ yẹ ẹ́ wò, èmi ni mo dá a dúró. Èmi ni mo yan ohun tí kò yẹ, èmi ni mo kọ ìròyìn ibi tí n kò dé, èmi ni mo sì fi gbólóhùn èké há a láti fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́. Fèyíkẹ́mi, mo tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ nítorí iṣẹ́ rẹ àti nítorí bàbá rẹ. Màmá Mashood, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín nítorí ọmọ yín. Bí ẹ kò bá lè forí jì mí, n kò ní bínú, kò sì ní yà mí lẹ́nu. Dárasími, ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ, ẹ ya ìwé mi yẹn. Ẹ gbé fíláàṣì yín, ẹ lọ bá kọ̀ǹpútà níbi tí ó wà, ẹ fi ojú ara yín wò ó. Bí ó bá kọ ohun tí kò yé yín, ẹ sọ pé kò yé yín, ì báà jẹ́ níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Bí àgbà kan bá sì ní òun ti yẹ ẹ́ wò, ẹ kí i, ẹ kúnlẹ̀ fún un, kí ẹ sì tún un yẹ̀ wò.

Pálọ̀ Bàbá Gabriel ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ka ìwé yìí sókè ní ọ̀sán òní, lẹ́yìn tí mo kà á ni mo sì kọ ìyókù yìí mọ́ ọn. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ nìyí. Fèyíkẹ́mi wà níbẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Elijah wá láti Ìrẹsà. Dárasími wà níbẹ̀. Màmá Mashood, Ràmọ́tà, jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí mo kà á tán, wọ́n ní, “Tún ibi tí orúkọ ọmọ mi wà kà.” Mo tún un kà. Wọ́n ní kí n tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n jẹ́ kí ó ròkè. Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n gbé fóònù lé orí itan wọn, iná rẹ̀ sì ń tàn. Mo kà á sókè. N kò mọ̀ bóyá Mashood wà lórí fóònù náà. N kò gbọ́ ohùn kankan, n kò sì bèèrè. Nítorí náà n kò ka orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí ó wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, èmi ṣìkarùn-ún.